Oṣè nínú àwo: bí ẹ ṣe lè sọ ọ́ di bonsai láìjẹ́ kó jẹrà mọ́ yín lọ́wọ́

Ìbéèrè kan náà ló ń pààrọ̀ aṣọ wá bá mi láti bí ọdún méjì: "Oṣè mi wọ́wé, mo ń bomi rin ín láràárọ̀, síbẹ̀ kò sọjí. Kí ló dé?" Ìdáhùn mi ò yí padà. Omi tẹ́ ẹ ń bu sí i láràárọ̀ yẹn ló ń pa á. Igi tó wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò bẹ ẹnikẹ́ni fún omi. Oorun ló ń sùn, a kì í sì í rọ omi sí ẹni tó ń sùn lẹ́nu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ọdán kọ́ iṣẹ́ bonsai, ìyẹn títọ́ igi ńlá ní kékeré nínú àwo, lẹ ń ṣe àṣìṣe yìí jù, torí ọdán máa ń dárí jini. Ẹ gbàgbé omi rẹ̀ lónìí, ẹ bu ìlọ́po méjì sí i lọ́la, á ṣì máa rúwé. Oṣè kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Inú igi rẹ̀ rọ̀ bíi kànrìnkàn, omi ló sì fi kún un. Omi tó ń tọ́jú pamọ́ yìí ló ń gbé e la ẹ̀ẹ̀rùn kọjá lóko. Tẹ́ ẹ bá tún wá fi erùpẹ̀ tutù yí i ká nígbà tí kò ní ewé kan tó lè fi mu ún, jíjẹrà ló kù.

Mo máa to iṣẹ́ náà láti orí kóró títí dé orí ẹ̀ka. Ìbàdàn ni mo wà, nítorí náà òjò àti ọyẹ́ ibí ni mo fi ń ka oṣù. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, apá tiyín wà nísàlẹ̀.

## Ohun tẹ́ ẹ máa wá sílẹ̀

- Èso oṣè kan tó gbó dáadáa. Ẹ bèèrè lọ́jà lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń ta kúkà. Kúkà ni wọ́n ń pe igi náà, ewé rẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n sì fi ń se ọbẹ̀. Kóró tó wà nínú èso kan á ju èyí tẹ́ ẹ lè gbìn tán lọ.
- Yangí, iyanrìn odò tí kò kúnná, èédú, àfọ́kù ìkòkò amọ̀.
- Asẹ́ méjì, ọ̀kan tí ojú rẹ̀ fẹ̀, ọ̀kan tí ojú rẹ̀ wẹ́.
- Ọ̀rá omi tó ti ṣófo, bíi mẹ́wàá. Inú wọn la máa gbin kóró sí.
- Ọ̀bẹ tó mú, àlùmọ́gàjí, ayùn kékeré, fáìlì tàbí sáńpépà.
- Sípíríìtì tẹ́ ẹ máa fi nu irin, àti èédú lílọ̀ tàbí eérú fún ojú ọgbẹ́.
- Abọ́ ike tó fẹ̀, tí ẹ máa lu nídìí. Àwo bonsai tó rẹwà ṣì jìnnà, ẹ má tíì náwó lé e.

Àwọn kan máa ń fẹ́ gba ọ̀nà àbùjá, wọ́n á fẹ́ lọ hú ọmọ oṣè nínú igbó. Ẹ má ṣe é láìgbàṣẹ. Igi tẹ́ ẹ rò pé kò lólówó lè jẹ́ ti ẹbí kan, ó sì lè jẹ́ igi tí wọ́n ń bọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbòǹgbò oṣè máa ń wọlẹ̀ lọ bí iṣu ni, èyí tẹ́ ẹ bá sì fi àdá ṣá nígbà òjò kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Ẹ̀ka tí wọ́n gé gbìn lè ta gbòǹgbò lóòótọ́, àmọ́ ìdí rẹ̀ kì í sábàá wú bíi ti èyí tó ti inú kóró wá. Ìdí tó wú yẹn gan-an la sì ń wá.

## Erùpẹ̀ ṣáájú igi

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe èyí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kóró kankan, torí ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti ń bàjẹ́ jù. Erùpẹ̀ dúdú tẹ́ ẹ fi ń gbin ẹ̀fọ́ kò dára fún oṣè inú àwo. Ó máa ń mu omi, kò sì ní fẹ́ tú u sílẹ̀.

1. Ẹ fọ́ yangí wẹ́wẹ́. Ẹ fi asẹ́ tó fẹ̀ jọ̀ ọ́ kí èyí tó tóbi jù lè kúrò, kẹ́ ẹ wá fi asẹ́ wẹ́wẹ́ jọ ekuru rẹ̀ dànù. Èyí tó bá kù láàárín, tó tó kóró àgbàdo tàbí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, lẹ fẹ́.
2. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún iyanrìn àti fún èédú. Ẹ fọ iyanrìn títí omi rẹ̀ á fi mọ́.
3. Ẹ po abọ́ yangí méjì mọ́ abọ́ iyanrìn kan àti ìdajì abọ́ èédú. Tó bá jẹ́ ti ọmọ oṣè tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ fi ìdajì abọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà di ilẹ̀ pátápátá kún un.
4. Ẹ dán an wò. Ẹ bu u sínú abọ́ tẹ́ ẹ ti lu nídìí, kẹ́ ẹ da ife omi kan lé e. Omi náà gbọ́dọ̀ máa ti ìsàlẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tó ka ẹ̀wá. Tó bá dúró lójú, tó ń dán bí adágún, ekuru ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ tún un jọ̀.

Ẹni tí kò bá rí yangí lè fi àfọ́kù ìkòkò amọ̀ tó gún wẹ́wẹ́ rọ́pò rẹ̀. Bíríkì amọ̀ tí wọ́n sun náà dára. Búlọ́ọ̀kù oní-sìmẹ́ǹtì kò dára.

## Láti orí kóró

Èèpo kóró oṣè le ju bó ṣe rí lójú lọ. Tẹ́ ẹ bá kàn sọ ọ́ sílẹ̀ báyẹn, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìhù. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni kẹ́ ẹ gbìn ín, kó lè rí òjò jẹ dáadáa kí ọyẹ́ tó dé.

1. Ẹ fọ́ èso náà, kẹ́ ẹ rẹ kóró sínú omi fún wákàtí díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fọ gbogbo ìyẹ̀fun funfun ara rẹ̀ kúrò. Tó bá ṣẹ́ kù, olú á hù sí i, á sì ba kóró jẹ́.
2. Ẹ fi fáìlì ha ẹ̀gbẹ́ kóró kọ̀ọ̀kan díẹ̀ títí ẹ fi rí àwọ̀ mìíràn lábẹ́ dúdú. Ẹ má ha ibi tó kọ dòǹdò sínú, ibẹ̀ ni ọmọ inú rẹ̀ ti máa jáde.
3. Ẹ gbé omi kaná. Tó bá hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ da kóró sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má se kóró lórí iná.
4. Ẹ ṣa èyí tó wú. Tó bá wú, ẹ máa mọ̀, ó máa ń tóbi sí i, á sì rọ̀ lọ́wọ́. Èyí tí kò wú, ẹ tún ha á, ẹ tún rẹ ẹ́.
5. Ẹ fi ìṣó lu ìdí ọ̀rá omi ní ihò mẹ́fà, ẹ bu erùpẹ̀ sí i, ẹ ri kóró bọ inú rẹ̀ tó bí ìdá kan ìka, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2.
6. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń dé. Ẹ jẹ́ kí erùpẹ̀ tutù díẹ̀, kó má rin gbìndìn. Èyí tó ti wú máa ń yọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ásíìdì bátìrì ló yá jù láti fi rọ èèpo náà. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń hu igi púpọ̀ ní ibi ìwádìí máa ń lo ásíìdì, àmọ́ wọ́n ní ìbọ̀wọ́, wọ́n ní awò ojú, wọ́n sì mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ má gbé e wọlé síbi tí ọmọdé wà nítorí kóró igi. Omi gbígbóná tó.

Ewé tó bá kọ́kọ́ yọ kì í pín bí ìka ọwọ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni. Ẹ má rò pé kóró mìíràn ni wọ́n tà fún yín. Èyí tó pín bí ìka á dé tó bá yá.

Ìgbà tó ṣì kéré yìí, ìdí rẹ̀ lè rọ̀ lójijì kó sì ṣubú lulẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi òwú so ó lọ́rùn. Omi tó pọ̀ àti atẹ́gùn tí kò tó ló ń fà á. Ẹ ya wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má fún ara wọn mọ́lẹ̀.

## Gbòǹgbò: iṣẹ́ ọdún kejì

Ẹ jẹ́ kí ọmọ oṣè sùn oorun ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ nínú ọ̀rá rẹ̀. Tó bá di ìparí oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, kó tó rúwé, ẹ ya ọ̀rá náà. Ẹ máa bá nǹkan kan níbẹ̀ tó jọ kárọ́ọ̀tì, ó funfun, ó sanra, gbòǹgbò tín-ín-rín díẹ̀ ló sì wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń kó omi rẹ̀ sí.

1. Ẹ gbọn erùpẹ̀ kúrò. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́.
2. Ẹ fi sípíríìtì nu ọ̀bẹ. Ẹ wá ibi tí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ti yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ gé kárọ́ọ̀tì náà nísàlẹ̀ ibẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó mọ́ dán.
3. Ẹ fi èédú lílọ̀ bo ojú ọgbẹ́.
4. Ẹ gbé igi náà sórí pẹpẹ níbi òjìji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, láìsí erùpẹ̀, láìsí omi, fún ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ojú ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ kó le bí awọ.
5. Ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì sí ihò abọ́, ẹ bu erùpẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ gbé àfọ́kù táìlì pẹlẹbẹ kan sí i. Orí táìlì yẹn ni kẹ́ ẹ gbé ìdí igi lé, kẹ́ ẹ tẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ yíká bí ìtànṣán oòrùn. Kò ní rí ọ̀nà wọlẹ̀ mọ́, á máa fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.
6. Ẹ bo gbòǹgbò náà tán. Ẹ má bomi rin ín títí ọ̀mùnú tútù á fi yọ lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ló máa ń ba ọ̀pọ̀ yín lẹ́rù, torí ẹ ti gbọ́ pé gbòǹgbò bonsai ò gbọdọ̀ gbẹ. Fún ọdán, òótọ́ ni. Oṣè tẹ́ ẹ bá gé lónìí tẹ́ ẹ sì gbìn sínú erùpẹ̀ tutù lónìí, ìjẹrà ti gba ẹnu ọgbẹ́ wọ inú rẹ̀.

Inú abọ́ fífẹ̀ ni kó wà fún ìgbà òjò méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn èyí. Tẹ́ ẹ bá ní ilẹ̀, ẹ gbin ín sílẹ̀ pẹ̀lú táìlì náà lábẹ́ rẹ̀, á sanra kíákíá ju èyí tó wà nínú abọ́ lọ. Ẹ má yára gbé e sínú àwo kékeré. Àwo kékeré ni yóò dá ìsanra rẹ̀ dúró.

## Omi, oṣù sí oṣù

Kí n sọ bí mo ṣe kọ́ èyí. Oṣè tí mo kọ́kọ́ ní pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí ọyẹ́ kan mú gidigidi. Ewé rẹ̀ rẹ̀ tán nínú oṣù kejìlá. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì ń bu ife omi kan sí i láràárọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀, ìka mi sì wọlé bí ìgbà téèyàn tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Mo fà á, ó jáde láìjà. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti omidùn tó ti kan kọjá ààlà. Ohun tó dùn mí jù ni òkè rẹ̀. Mo fi èékánná ha èèpo rẹ̀ lókè, ewé tútù ni àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣì rí. Ìsàlẹ̀ ti kú, òkè ò tíì gbọ́.

Látìgbà náà, kàlẹ́ńdà ni mo ń tẹ̀ lé:

Oṣù kẹta sí ìkẹrin. Òjò àkọ́kọ́ lè rọ̀, ẹ má tìtorí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ omi. Ẹ wo orí igi. Tí ọ̀mùnú bá wú tó sì ń fi àwọ̀ ewé hàn, ẹ bu omi díẹ̀. Tí ewé bá tẹ́, ẹ bu omi kíkún.

Oṣù karùn-ún sí ìkẹsàn-án. Ìgbà jíjẹ àti mímu rẹ̀ nìyí. Ẹ ti ìka bọ erùpẹ̀. Tó bá gbẹ dé oríkèé àkọ́kọ́, ẹ bomi rin ín títí omi á fi ti ìsàlẹ̀ jáde. Tí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé, tàbí kẹ́ ẹ fi òkúta gbé ẹ̀gbẹ́ kan àwo sókè kí omi lè ṣàn. Oṣù yìí náà ni ajílẹ̀ rẹ̀: NPK 15-15-15, ìdajì ṣíbí tíì fún abọ́ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ wọ́n ọn sí etí abọ́, ẹ má jẹ́ kó kan ìdí igi.

Oṣù kẹwàá. Ẹ dá ajílẹ̀ dúró. Ẹ máa jẹ́ kí erùpẹ̀ gbẹ délẹ̀ kẹ́ ẹ tó bu omi mìíràn.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Ewé á pọ́n, á rẹ̀. Tó bá ti rẹ̀ tán, ẹ dá omi dúró pátápátá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan nìkan ni kẹ́ ẹ fún ní ẹ̀kún ìdérí ìgò kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, torí kò tíì ní ibi ìkópamọ́ tó tóbi.

Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi èékánná ha ara rẹ̀ níwọ̀nba. Lábẹ́ èèpo eléérú yẹn, awọ tútù kan wà tó máa ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ kódà nígbà tí kò sí ewé. Tẹ́ ẹ bá rí i, ó wà láàyè. Ẹ tún tẹ ìdí rẹ̀:

- Ó le: kò sí wàhálà.
- Ó rọ̀ díẹ̀, ara rẹ̀ hunjọ, ó gbẹ: ó ń ná ohun tó kó pamọ́. Ẹ fi sílẹ̀.
- Ó rọ̀, ó tutù, ó ń rùn: ó ń jẹrà. Ẹ lọ sí apá tó kàn báyìí báyìí.

## Tó bá ti ń jẹrà

1. Ẹ fà á tu, ẹ gbọn gbogbo erùpẹ̀ dànù. Ẹ má tún un lò.
2. Ẹ máa gé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ máa fi sípíríìtì nu ọ̀bẹ lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣíwọ́ gígé títí ojú ibi tẹ́ ẹ gé á fi funfun láìsí ààmì pupa rúsúrúsú kan. Tí ààmì kan bá kù, tó bí orí abẹ́rẹ́, iṣẹ́ ò tíì parí.
3. Ẹ fi èédú lílọ̀ bò ó, kẹ́ ẹ gbé e síbi gbígbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.
4. Ẹ rì í bọ iyanrìn gbígbẹ, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tì í kó má ṣubú. Ẹ dúró de ọ̀mùnú kẹ́ ẹ tó rò ó láti bu omi.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa ń yè. Èyí tí ẹ bá tètè rí lẹ sábà máa ń gbà sílẹ̀.

## Gígé orí àti títo ẹ̀ka

Ẹ lọ wo àgbà oṣè kan kẹ́ ẹ tó mú ayùn. Ìdí rẹ̀ tóbi débi tí apá ẹnìkan ò ká a, ó lọ sókè láìsí ẹ̀ka, lẹ́yìn náà ni ẹ̀ka kúkúrú tó nípọn á pín lórí, tó bá sì wọ́wé tán, ẹ̀ka náà máa ń dà bíi gbòǹgbò tó kọjú sókè. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ní kékeré nìyẹn. Ẹ má fi agídí tẹ̀ ẹ́ kó dà bí igi páìnì àwọn ará Japan. Ní South Africa, wọ́n ti ka ìrísí oṣè mọ́ àwọn àrà bonsai tó jẹ́ ti Áfíríkà fúnra rẹ̀, Charles Ceronio sì wà lára àwọn tó to àwọn àrà náà kalẹ̀.

1. Tí ìdí igi bá ti sanra tó bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, ẹ dúró de oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nígbà tó bá ti rúwé. Ẹ fi ayùn gé orí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wá igi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 25, ẹ gé e sí bíi 12 sí 15, ẹ̀ka ló máa ṣe ìyókù.
2. Ẹ gé e kó dẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí omi má dúró lójú rẹ̀. Ẹ fi èédú lílọ̀ bò ó, ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé fún ọ̀sẹ̀ kan.
3. Ọ̀mùnú púpọ̀ á yọ yí etí ibẹ̀ ká. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gùn tó ìwọ̀n ìka kan, kẹ́ ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò sí lórí ìlà kan náà, kẹ́ ẹ yọ ìyókù.
4. Ẹ jẹ́ kí àwọn tẹ́ ẹ mú hù fàlàlà di ìparí òjò. Má-fọwọ́-kàn ni o, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sanra.
5. Ní oṣù kẹrin ọdún kejì, ẹ gé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kó ku ojú méjì tí ewé ti ń yọ. Wọ́n á tún pín. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún.

Ọ̀nà gé-kó-hù yìí ni mo fọwọ́ sí. Wáyà ṣeé lò, ṣùgbọ́n ara oṣè rọ̀, ó sì ń yára sanra nígbà òjò. Tẹ́ ẹ bá we wáyà mọ́ ọn, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ méjì méjì, torí ó lè bù ú jẹ láàárín oṣù kan. Èmi a máa fi okùn aṣọ rírọ̀ fa ẹ̀ka wálẹ̀, kí n so ó mọ́ etí abọ́.

Ẹ má bó èèpo rẹ̀ láti fi igi funfun hàn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún juniper, igi ilẹ̀ òtútù kan. Oṣè mọ bí a ti ń bo èèpo tí wọ́n bó, ẹ lọ wo ara èyí tí wọ́n ń gba okùn lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tó bá ti kú nínú rẹ̀ kì í le bí egungun, ṣe ló ń rà.

Ewé tóbi jù lójú yín? Oòrùn kíkún àti àwo tó há ló ń mú un kéré. Òjìji ló ń sọ ọ́ di ńlá, tí igi á sì máa gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni ń yọjú wo ojú fèrèsé.

## Kòkòrò

Kòkòrò funfun tó dà bí òwú ni ẹ máa bá nígun ewé. Ẹ fi òwú tó mu sípíríìtì nù ún dànù, kẹ́ ẹ fi omi ọṣẹ ṣan ewé lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóko kòkó, ẹ dákun, ẹ má gbé oṣè inú àwo lọ síbẹ̀. Ìdílé kan náà ni oṣè, kòkó, obì, òwú àti ilá. Àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú lè wà lára oṣè, irú kòkòrò funfun yìí ló sì ń gbé e kiri.

## Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù

Òtútù ló rọ́pò ẹ̀ẹ̀rùn fún yín, òun ni oṣè yín máa fi mọ̀ pé àkókò oorun tó.

- Ẹ ra kóró níbẹ̀. Kóró tẹ́ ẹ gbé láti ilé láìsí ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn, wọ́n lè gbà á ní pápákọ̀.
- Ẹ gbìn ín ní oṣù karùn-ún, síbi tó móoru tó 25 °C.
- Ojú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ni kó wà. Tí òru bá ti kọjá 13 °C, bíi oṣù kẹfà, ẹ lè gbé e síta, kí oòrùn má sì jó o lójijì: ẹ kọ́kọ́ fi sábẹ́ òjìji fún ọ̀sẹ̀ kan.
- Tí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, omi ti tán di oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ láìsí omi á dà bí ìkà lójú yín. Ẹ dúró lórí rẹ̀.
- Dídì omi á pa á. Àwo tó tutù tó sì tún rin á pa á kíákíá ju òtútù nìkan lọ.

Fún erùpẹ̀, pumice (òkúta fífúyẹ́) àti grit (òkúta wẹ́wẹ́) tí wọ́n ń tà fún cactus á ṣe iṣẹ́ yangí.

## Tí oṣè ò bá bá yín mu

Ìyeyè. Òun náà ń wọ́wé, ìdí rẹ̀ sì ń sanra, àmọ́ ó ń gba omi jù oṣè lọ. Ẹ gé ẹ̀ka tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ ní oṣù kẹta, ẹ rì í mọ́lẹ̀, á hù. Ewé rẹ̀ gùn, ẹ máa nílò igi tó tóbi díẹ̀ kó tó bára mu.

Àjàgbọn. Ká ní ẹ bi mí pé igi wo ni kẹ́ ẹ fi sùúrù yín lé, òun ni mo máa mú. Ewé rẹ̀ wẹ́, èèpo rẹ̀ tètè ń dá bátabàta bíi ti àgbà igi, igi rẹ̀ le. Ó lọ́ra gan-an. Ẹ̀ka tó bá ti gbó kò ṣeé tẹ̀, torí náà ìgbà tó ṣì tútù ni wáyà rẹ̀.

Ìrókò. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ó yẹ kí òwe yẹn ti jẹ́ ká máa ṣe é ní bonsai tipẹ́. Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ni kòkòrò kan tó ń jẹ́ Phytolyma. Ó ń wọ inú ọ̀mùnú rẹ̀, ibẹ̀ á wú kókó kókó bí oówo, á bẹ́, orí rẹ̀ á sì jẹrà. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó látìgbà tó bá ti yọ, kó sì máa gé kókó tó bá rí, kó sun ún.

Mángòrò. Á dàgbà nínú àwo, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ kì í fẹ́ kéré. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ gbìn ín fún èso nínú ìkòkò ńlá.

Ọ̀pẹ. Ẹ ti bi mí láìmọye ìgbà. Kò ṣeé ṣe. Ojú kan ṣoṣo ló fi ń dàgbà, orí rẹ̀ ni ojú náà wà, kò sì ní ẹ̀ka tó máa yọ tẹ́ ẹ bá gé e. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan tó jọ ọ́ lórí tábìlì, kó wá sago. Òun kì í ṣe ọ̀pẹ, ó lọ́ra, ó sì máa ń pẹ́ nínú àwo kékeré, àmọ́ májèlé ni kóró rẹ̀ àti ewé rẹ̀ fún ajá àti ọmọdé, ibi gíga ni kẹ́ ẹ gbé e sí.